Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Nígbà tí ogun gba aṣọ lọ́wọ́ oníjó

Ṣé ẹ mọ̀ pé ogun ti lé àwọn oníjó ballet sá láìkó aṣọ rí?

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1940, ẹgbẹ́ oníjó Sadler's Wells láti Lọ́ńdọ̀nù ń ṣeré kiri ní Netherlands nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì ya wọ̀lú. Ẹni orí yọ, ó dilé! Aṣọ, àwòrán ẹ̀yìn ìtàgé àti ìwé orin eré mẹ́fà ni wọ́n fi sílẹ̀ lọ́hùn-ún.

Wọ́n délé tán, wàhálà mìíràn tún dé. Láti oṣù kẹfà ọdún 1941, owó nìkan kò ra aṣọ mọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àfi pẹ̀lú kúpọ́ọ̀nù ìjọba. 66 ni wọ́n kọ́kọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Sílíìkì ńkọ́? Párásúùtù ló gbà á.

Ogun parí, kúpọ́ọ̀nù kò parí. Ní ọjọ́ 20 oṣù kejì ọdún 1946, ẹgbẹ́ yìí fi eré The Sleeping Beauty ṣí ilé ìṣeré Royal Opera House ní Lọ́ńdọ̀nù padà. Margot Fonteyn ló jó ipa ọmọ ọba. Aṣọ ààfin gbọ́dọ̀ máa dán, ṣùgbọ́n ọjà ti gbẹ. Oliver Messel, ayàwòrán aṣọ eré náà, mọ bí wọ́n ṣe ń dọ́gbọ́n sí i: wáyà onírun tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn amukòkò fi ń nu ìkòkò tábà wà lára ohun tó máa ń fi ṣe ọ̀ṣọ́ orí. Láti orí àga òǹwòran, ta ló máa mọ̀?

Bí a kò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ ti sọ di aṣọ òde rí nígbà tí kò sówó? 👇🏾