Mítà Iná Tuntun Ń Pariwo: Kí Ni Kí Á Ṣe?



Ní Dowa àti ní gbogbo Àjàṣẹ́, iná mànàmáná ti wọ ọ̀pọ̀ ilé. Òun la fi ń ríran lálẹ́. Òun ló ń mú omi tutù, òun náà la fi ń lọ ata. Iná dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò bá iná gbé, ó yẹ kó mọ ìwà rẹ̀. Lónìí, a óo sọ̀rọ̀ lórí mítà iná. Bí wọ́n bá pààrọ̀ mítà ilé yín, tí èyí tuntun wá ń pariwo, ṣé kí ẹ sá ni, àbí kí ẹ dákẹ́? Ẹ jẹ́ kí á wò ó papọ̀.

KÍ NI MÍTÀ?

Mítà ni ẹ̀rọ tó ń ka iye iná tí a lò nínú ilé. Lórí ìwé owó iná, ọ̀rọ̀ Faransé tí ẹ óo rí ni COMPTEUR. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa, kí ẹ lè dá a mọ̀.

Iná ní òṣùwọ̀n tirẹ̀, bí àgbàdo ṣe ní òṣùwọ̀n tirẹ̀ lọ́jà. Wọ́n ń kọ òṣùwọ̀n iná báyìí: kWh. Bí ẹ bá tan gílóòbù 100 wáàtì fún wákàtí 10, ẹ ti lo kWh 1. Bí ó bá jẹ́ gílóòbù kékeré ti òde òní, tó jẹ́ 10 wáàtì, ẹ óo tàn án fún wákàtí 100 kí ó tó jẹ kWh 1. Ẹ rí i pé ìyàtọ̀ wà níbẹ̀.

Mítà àtijọ́ ní àwo irin pẹlẹbẹ kan nínú, tó ń yí. Bí a bá lo iná púpọ̀, àwo náà á máa sáré. Púpọ̀ nínú mítà tuntun kò ní àwo mọ́. Iná kékeré kan ló ń ṣẹ́jú lójú rẹ̀. Bí iná kékeré náà bá ń ṣẹ́jú wéréwéré, a ń lo iná púpọ̀ nìyẹn. Àwọn mítà kan sì wà tó jẹ́ pé a ní láti kọ́kọ́ sanwó kí a tó lo iná. Bí owó inú rẹ̀ bá tán, mítà á pa iná fúnra rẹ̀.

TA LÓ NI MÍTÀ?

Ilé-iṣẹ́ SBEE ló ń pín iná. Tẹ́lẹ̀ rí, SBEE ló ń pín iná àti omi pọ̀. Ní 2003, ìjọba dá SONEB sílẹ̀ fún omi, SBEE wá dúró lórí iná nìkan. Nítorí náà, ẹni tí mítà iná rẹ̀ bá ń pariwo, SBEE ni kó lọ, kó má lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ omi.

Ní ìlú òyìnbó, bíi ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ilé ló ní mítà gáàsì, nítorí pé páìpù ló ń gbé gáàsì wọ inú ilé. Lọ́dọ̀ tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ìgò irin la ti ń ra gáàsì tí a fi ń dáná. Gáàsì tó ń gba inú páìpù abẹ́ òkun bọ̀ láti Nàìjíríà kì í wọ ilé wa. Wọ́n ń fi ṣe iná mànàmáná ní Maria-Gléta, lẹ́bàá Abomey-Calavi. Ní 2019, wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ iná ńlá kan síbẹ̀, tó lè ṣe iná tó tó 127 megawatt. Ẹ rí i báyìí: iná tó ń kọjá nínú mítà yín ti rin ìrìn-àjò kó tó dé Dowa.

ARIWO KÌ Í ṢE Ọ̀KAN NÁÀ

Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ kan àti ìyá rẹ̀ lè máa bá ara wọn sọ nínú ilé tí wọ́n ti pààrọ̀ mítà:

– Ìyá, ẹ wá gbọ́. Mítà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá yìí ń pariwo o.

– Fi í sílẹ̀, ọmọ mi. Ohun tuntun ni. Yóò mọ́ wa lára.

– Ṣùgbọ́n ó ń ta pá, pá, pá, Ìyá. Ó sì ń rùn bíi rọ́bà tó ń jóná.

– Háà! Bó bá ń rùn, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Sáré lọ pa iná gbogbo ilé.

Ìyá yìí sọ òótọ́ nígbà méjèèjì. Ariwo kan wà tó ń mọ́ni lára. Ariwo mìíràn wà tí kò gbọdọ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni lára. Ẹ jẹ́ kí á kà wọ́n:

1. Ó ń kùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí oyin. Iná tó wọ ilé wa kì í sàn lójú kan bí omi odò. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìlọ-bọ̀ yìí ń mi irin inú mítà díẹ̀díẹ̀, òun ló ń fa kíkùn. Bí ó bá rọra ń kùn, tí kò lágbára, kò sí ewu níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé pákó tí wọ́n kàn án mọ́ ló ń gbé ohùn rẹ̀ jáde, bí ìgbá ṣe ń gbé ohùn ìlù.

2. Ó dún kẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nínú mítà tí a ń sanwó sí ṣáájú, ohun kan wà tó ń ṣí iná, tó sì ń tì í. Bó bá ṣí, á dún kẹ́. Bó bá tì, á dún kẹ́. Kò léwu. Ṣùgbọ́n bó bá ń ṣe kẹ́, kẹ́, kẹ́, láìdúró, ẹ lọ sọ fún SBEE.

3. Ó ń dún pí, pí, pí. Mítà mìíràn máa ń ké báyìí bí owó inú rẹ̀ bá fẹ́ tán. Ẹ wo ojú rẹ̀, ẹ ka nọ́ńbà tó wà níbẹ̀.

4. Ó ń ta pá, pá, pá bí iyọ̀ tó bọ́ sínú iná, tàbí ó ń ṣe ṣíí bí epo tó gbóná. Èyí ni kí ẹ bẹ̀rù. Ìsopọ̀ wáyà kan ti dẹ̀.

KÍ LÓ DÉ TÍ ÌSOPỌ̀ TÓ DẸ̀ FI Ń JÓ?

Ẹ wo ọjà lọ́jọ́ ọjà. Bí ẹnu-ọ̀nà bá fẹ̀, gbogbo èèyàn á kọjá láìsí ìjà. Bí ẹnu-ọ̀nà bá há, wọ́n á máa ti ara wọn, ara gbogbo wọn á sì gbóná. Bẹ́ẹ̀ náà ni iná. Bí wọ́n bá fún wáyà mọ́ mítà dáadáa, ọ̀nà fẹ̀, iná kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí ìṣó tí a ń yí bá dẹ̀, ibi kékeré ni wáyà ti fara kan irin. Ọ̀nà há. Iná ń fò kọjá, ó ń ta pá, pá. Ibẹ̀ á gbóná, rọ́bà ara wáyà á yọ́, lẹ́yìn náà iná ńlá lè ràn.

Ìdí tí èyí fi lè ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn pípààrọ̀ ni pé, bí wọ́n bá ń pààrọ̀ mítà, wọ́n ní láti tú gbogbo wáyà, kí wọ́n tún wọn dè. Wáyà tó ti orí òpó wá sábà máa ń jẹ́ irin funfun fífúyẹ́, irú èyí tí wọ́n fi ń rọ ìkòkò. Wáyà inú ilé jẹ́ bàbà. Irin méjèèjì yìí kì í bára rẹ́ dáadáa bí a kò bá lo ohun ìsopọ̀ tó yẹ wọ́n. Lọ́dọ̀ wa tí ọ̀sà wà nítòsí, ọ̀rinrin pọ̀, ìsopọ̀ tí kò dára sì tètè ń bàjẹ́.

Ẹ rántí: ìsopọ̀ tó dẹ̀ lè dákẹ́ lọ́sàn-án. Lálẹ́, tí gbogbo ilé bá tan gílóòbù, tẹlifíṣọ̀n, fíríìjì àti ẹ̀rọ ìlọṣọ lẹ́ẹ̀kan náà, ìgbà yẹn ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí ta. Ìgbà yẹn náà sì ni àwọn ọmọ ti sùn.

Ẹ DÁN AN WÒ BÁYÌÍ

Bí kò bá sí òórùn, tí kò sí èéfín, tí kò sì ta pá, pá, ẹ lè ṣe báyìí:

Èkíní: Ẹ pa gbogbo ohun tó ń lo iná nínú ilé. Ẹ dúró létí mítà, kí ẹ tẹ́tí sílẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn án.

Èkejì: Bí ariwo bá dáwọ́ dúró, ẹ máa tan nǹkan padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ óo mọ èyí tó ń fa ariwo. Ó lè jẹ́ pé iná tó ń fà pọ̀ jù.

Ẹ̀kẹta: Bí ariwo kò bá dáwọ́ dúró, nígbà tí ohunkóhun kò tàn, mítà fúnra rẹ̀ ni tàbí wáyà rẹ̀. Iṣẹ́ SBEE nìyẹn.

Ẹ̀kẹrin: Ẹ wo iná kékeré tó ń ṣẹ́jú. Bí ẹ bá ti pa gbogbo nǹkan, tó ṣì ń ṣẹ́jú léraléra, iná kan ń lọ síbì kan. Ẹ ní kí oníṣẹ́ iná wá wá ibẹ̀.

BÍ Ó BÁ Ń TA, TÍ Ó SÌ Ń RÙN

Ẹ pa iná gbogbo ilé níbi ẹ̀rọ tí Faransé ń pè ní DISJONCTEUR, tó wà lẹ́bàá mítà. Ọwọ́ gbígbẹ ni kí ẹ fi pa á. Ẹ wọ bàtà. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ bá ń jó, ẹ má sún mọ́ ọn. Ẹ kó àwọn ọmọ jáde, kí ẹ pe àwọn panápaná: 118.

Ẹ má da omi sí i. Omi àti iná mànàmáná pọ̀, ikú ni. Bí iná bá kéré, tí ẹ sì dúró jìnnà, iyanrìn gbígbẹ ni kí ẹ dà sí i.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: bí ẹ tilẹ̀ ti pa disjoncteur, iná ṣì wà nínú wáyà tó ti òpó wọ mítà. Kò sí ohun tí ẹ lè pa nínú ilé tí yóò mú un kúrò. Nítorí náà, ẹ má ṣí mítà. Ẹ má já èdìdì tí wọ́n fi dè é. Ẹ má ní kí ọmọ àdúgbò tó mọ nǹkan díẹ̀ bá yín fún un. Owó tí ẹ rò pé ẹ fi pa mọ́ lè di owó òkú. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tó bá já èdìdì, wọ́n lè sọ pé olè iná ni.

Ẹ̀yin tí ẹ yá ilé gbé, tí ẹ pọ̀ lórí mítà kan, ẹ má sọ pé, “Mítà onílé ni, kò kàn mí.” Bí iná bá ràn, kò ní béèrè ta ni onílé, ta ni ayálégbé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ariwo ni kó sọ̀rọ̀.

ÌWÉ YÍN NI ẸLẸ́RÌÍ YÍN

Ẹ̀yin ti mọ̀ ọ́n kọ báyìí. Ẹ lò ó. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá pààrọ̀ mítà, ẹ béèrè káàdì iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó wá. Kí wọ́n tó tú mítà àtijọ́, ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lójú rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà mítà tuntun, kí ẹ sì kọ ọjọ́ náà.

Bí ariwo bá bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ ọjọ́, wákàtí àti irú ariwo tí ẹ gbọ́. Ẹ mú ìwé yìí pẹ̀lú ìwé owó iná lọ sí SBEE. Ẹ béèrè ìwé tó fi hàn pé ẹ ti wá. Bí ẹ bá padà lọ lẹ́ẹ̀kejì, kò sí ẹni tó lè sọ pé òun kò gbọ́ rí.

Àwọn kan ń sọ pé mítà tó ń pariwo ló ń jẹ owó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ariwo ni mítà ń kà. Bí owó bá pọ̀ jù, ẹ fi nọ́ńbà ojú mítà wé nọ́ńbà inú ìwé owó iná. Ibẹ̀ lẹ óo ti mọ òótọ́.

Àwọn àgbà ní: ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ní ti mítà, ẹ fi ojú ṣọ́ ọ, ẹ fi etí ṣọ́ ọ, ẹ fi imú ṣọ́ ọ. Ọwọ́ nìkan ni kí ẹ má fi kàn án.

ÌBÉÈRÈ

1. Ariwo mítà wo ni kò léwu? Èwo ló léwu?
2. Kí ló dé tí a kò gbọdọ̀ da omi sí mítà tó ń jó?
3. Bí a bá ti pa disjoncteur, ibo ni iná ṣì wà?
4. Ẹ lọ sílé, ẹ kọ nọ́ńbà mítà yín àti iye tó wà lójú rẹ̀ wá sí kíláàsì.