Ta Ni Ìwádìí Kà? Ìdíwọ̀n Iye Olùgbọ́ Rédíò ní Lekki àti Ajah

Ìfáárà
Láti ọdún 1992 tí òfin ti fún aládàáni láyè láti dá ilé-iṣẹ́ rédíò sílẹ̀ ní Nàìjíríà, irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ sí i ní Èkó. Owó ìpolówó ọjà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn gbójú lé, olùpolówó kì í sì í fẹ́ náwó sórí ètò tí kò mọ iye ẹni tí ń gbọ́ ọ. Ìdí nìyí tí ìwádìí nípa iye olùgbọ́ fi ń pinnu ètò tí yóò dúró àti èyí tí yóò kógbá sílé. Bí ìwádìí bá ṣì kà, ètò Yorùbá lè pa rẹ́ lórí afẹ́fẹ́ nígbà tí olùgbọ́ rẹ̀ ṣì pọ̀. Àpẹẹrẹ Lekki àti Ajah fi hàn pé irú ẹni tí a bi léèrè ṣe pàtàkì ju iye wọn lọ.

Ọ̀nà Ìdíwọ̀n
Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni bíbi ènìyàn léèrè ohun tí ó gbọ́ lánàá, lójúkojú tàbí lórí fóònù. Èkejì ni fífún un ní ìwé tí yóò máa kọ ohun tí ó gbọ́ sí lójoojúmọ́. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀rọ kékeré tí ènìyàn ń mú kiri, tí ń dá ilé-iṣẹ́ tí ó ń gbọ́ mọ̀ fúnra rẹ̀.

Kò sí èyí tí kò ní àléébù. Ẹni tí a bi léèrè lè gbàgbé, kí ó dárúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó gbajúmọ̀ jù. Ìwé kò wúlò fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ. Ẹ̀rọ pàápàá kò yọ sílẹ̀. Ní New York ní ọdún 2008, àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò aláwọ̀ dúdú àti ti àwọn tí ń sọ èdè Sípéènì fẹ̀sùn kan Arbitron pé olùgbọ́ tiwọn kò tó láàárín àwọn tí ó fún ní ẹ̀rọ. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà pè é lẹ́jọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2009, Arbitron gbà láti ṣe àtúnṣe.

Ìṣòro Lekki àti Ajah
Ojú ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́ kó oríṣiríṣi ènìyàn jọ. Ẹ̀sítéètì olówó wà níbẹ̀. Ìlasàn wà níbẹ̀, níbi tí a kó díẹ̀ lára àwọn tí a lé kúrò ní Maroko ní ọdún 1990 lọ. Àwọn ìletò àtijọ́ bí Ajah, Badore àti Langbasa náà wà níbẹ̀. Aṣọ́nà lè dá olùwádìí dúró lẹ́nu géètì. Bí ó bá wọlé, baálé ilé ni yóò dáhùn. A kò ní ka awakọ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ àti aṣọ́nà náà, tí rédíò lè máa ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn látàárọ̀.

Iye olùgbé pàápàá ní àríyànjiyàn nínú. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, ìjọba àpapọ̀ ka ènìyàn 287,785 ní Ẹ̀tì-Ọ̀sà. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ka 983,515. Ó ṣòro láti mọ iye ẹni tí ó yẹ kí a yàn láti àdúgbò kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí a fi àfinúrò ṣàlàyé. Ká ní 30 nínú ènìyàn 100 ń gbé ẹ̀sítéètì, tí 70 ń gbé ìletò. Ká ní 20 nínú 100 ará ẹ̀sítéètì ń gbọ́ ilé-iṣẹ́ Yorùbá kan, tí 60 nínú 100 ará ìletò ń gbọ́ ọ. Olùgbọ́ rẹ̀ gan-an jẹ́ 48 nínú 100. Bí olùwádìí bá wá mú 70 láti ẹ̀sítéètì àti 30 láti ìletò, 32 péré ni yóò rí. Bí a bá fi ọ̀nà kan náà bi ènìyàn 4,000 dípò 400, 32 náà ni yóò máa jáde: pípọ̀ kò wo àṣìṣe yìí sàn.

Èdè Ìbéèrè
Bí a bá fi Gẹ̀ẹ́sì bèèrè, ẹni tí kò gbọ́ ọ dáadáa lè kọ̀ láti dáhùn, ẹlòmíràn sì lè dárúkọ ilé-iṣẹ́ elédè Gẹ̀ẹ́sì kí a má baà fojú púrúǹtù wò ó.

Àgbálọgbábọ̀
Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ó yẹ kí olùwádìí pín ìbéèrè rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùgbé ṣe pọ̀ sí, kí ó bi ju ẹnìkan lọ nínú ilé, kí ó sì fi èdè olùgbọ́ bèèrè. Olùkọ́ lè fi àfinúrò òkè yìí kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n tó gba iye kan gbọ́, kí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí a kà àti ẹni tí a fò.