Ìdí Tí Fláàṣì Fóònù Fi Ń Ba Fọ́tò Kòkòrò Jẹ́

Ní oko àgbàdo kan ní Olódò, lójú ọ̀nà tó ti Ìbàdàn lọ sí Ìwó, mo ya fọ́tò kòkòrò kan ṣoṣo nígbà 23 lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Kòkòrò náà ò gùn tó ìka tó kéré jù lọ́wọ́ mi. Àárín ewé àgbàdo tí kò tíì là ló wà, ó ń jẹun lọ ní tirẹ̀. Bàbá tó ni oko dúró tì mí. Ohun kan péré ni wọ́n fẹ́ mọ̀: ṣé kòkòrò tó ń run àgbàdo láti ọdún 2016 nìyí, àbí òmíràn ni? Mo fi fọ́tò tó dára jù nínú wọn ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi ní yunifásítì. Èsì tí mo gbà kò gùn: "Gbogbo orí rẹ̀ ti funfun. Mi ò rí nǹkan kan."

Ohun tí ọ̀gá mi ń wá ò pọ̀. Kòkòrò tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Spodoptera frugiperda, tí àwọn òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ń pè ní fall armyworm, ní àmì méjì tí èèyàn fi ń dá a mọ̀. Níwájú orí rẹ̀, ìlà kan wà tó dà bíi lẹ́tà Y tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò. Lápá ìdí rẹ̀, lórí oríkèé ara tó ṣìkejì láti ìparí, àmì dúdú rógódó mẹ́rin wà tí wọ́n tò bí igun mẹ́rin àpótí. Kòkòrò tó ń lu igi àgbàdo, bíi Sesamia calamistis, kò ní irú àmì bẹ́ẹ̀, àwọ̀ tirẹ̀ a sì máa pọ́n díẹ̀.

Ẹ lè sọ pé kí ló wá kàn mí nínú ìyẹn. Ó kan owó. Inú igi àgbàdo ni Sesamia ń wọ̀ lọ, oògùn tí ẹ bá fọ́n sórí ewé ò ní bá a níbẹ̀. Fall armyworm ní tirẹ̀, àárín ewé ló ń sá pamọ́ sí. Bó bá ṣì kéré, oògùn lè bá a, ẹ lè fọwọ́ ṣà á, àwọn àgbẹ̀ mìíràn a sì máa bu iyanrìn tàbí eérú sí àárín ewé yẹn. Ẹni tó bá ṣi ọ̀kan mú fún èkejì á ra oògùn tí kò wúlò, á tún fa èéfín rẹ̀ símú lọ́fẹ̀ẹ́.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni kòkòrò yìí ti wá. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Áfíríkà, apá gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà tiwa níbí sì wà lára ibi tó ti kọ́kọ́ yọjú. Lọ́dún yẹn kan náà ni Georg Goergen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IITA tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde nínú PLoS ONE. Àfòpiná rẹ̀ lè fò tó 100 kìlómítà lóru ọjọ́ kan. Nígbà tó fi máa di 2018, ó ti dé Íńdíà.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí fọ́tò mi tó bàjẹ́.

Ara kòkòrò kì í ṣe bí awọ ara tiwa. Èèpo ara rẹ̀ ń dán, ìda fẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà lórí rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí omi ara rẹ̀ gbẹ. Nǹkan tó bá ń dán tó sì rí roboto máa ń ṣe bíi dígí. Yàtọ̀ sí àwọ̀ tirẹ̀, ó tún ń fi àwòrán ohun tó ń tan ìmọ́lẹ̀ sí i hàn yín. Ẹ mú ṣíbí, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ lábẹ́ gílóòbù. Ẹ máa rí gílóòbù náà níbẹ̀, funfun, kékeré, tó ń ta sójú. Ẹ wá gbé ṣíbí yẹn lọ sẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ tí sánmà ṣú díẹ̀. Àmì funfun yẹn á pòórá, ìmọ́lẹ̀ á sì tàn jẹ́jẹ́ ká gbogbo ẹ̀yìn ṣíbí.

Fláàṣì fóònù kéré ju hóró àgbàdo lọ. Ojú kan ṣoṣo ni gbogbo ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti ń jáde. Orí kòkòrò mi gbà á, ó dá a padà tààrà sínú lẹ́ǹsì, ibi tí Y yẹn wà gan-an ló sì bò. Mo gbìyànjú láti tún un ṣe nínú fóònù, mo dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù títí. Funfun ló kàn di eérú. Ibi tó bá ti funfun tán, kò sóhun tó kù níbẹ̀ tí ẹ máa fà jáde.

Nítorí náà, ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ tóbi ju kòkòrò lọ. Ojú kòkòrò la fi ń wo títóbi yẹn o, kì í ṣe ojú tiwa. Fífẹ̀ oòrùn tó ìlọ́po 109 ti ayé, ṣùgbọ́n ó jìnnà débi pé bíi kọ́bọ̀ ló rí lójú ọ̀run. Ìdí nìyẹn tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán gangan fi ń le, tí òjìji rẹ̀ sì ń dú bí ìdí ìkòkò. Bébà A4 ńkọ́? Fífẹ̀ rẹ̀ ò ju sẹ̀ǹtímítà 21 lọ. Ẹ gbé e sí sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá sí kòkòrò tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀yìn: odindi ojú ọ̀run ni lójú tirẹ̀.

Ohun tí èmi ń lò báyìí ò wu ojú rárá. Ike funfun tí wọ́n fi ń ta yọ́gọ́ọ̀tì ni, irú èyí tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá. Mo lu ihò sí ìdí rẹ̀ kí lẹ́ǹsì fóònù lè gba ibẹ̀ wòran, mo sì gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan kí ewé lè wọlé. Bí mo bá dà á bo kòkòrò, mo kàn máa tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ìta. Ike náà ń jẹ lára ìmọ́lẹ̀ o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Àmọ́ bí ẹ bá dín àlàfo tó wà láàárín tọ́ọ̀ṣì àti ike kù sí ìdajì, ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ á sún mọ́ ìlọ́po mẹ́rin.

Ní ti lẹ́ǹsì, àwọn kékeré tí wọ́n ń há mọ́ fóònù pọ̀ ní Queen Cinema. Ẹni tó ń tà á máa fẹ́ kí ẹ ra èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ má dá a lóhùn. Bí agbára rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni ẹ máa ṣe súnmọ́ kòkòrò tó, títí fóònù fúnra rẹ̀ á fi dí ìmọ́lẹ̀, kòkòrò á sì sá. Ẹni tó bá ní kámẹ́rà ńlá lè wá extension tube, ìyẹn páìpù ṣófo tí kò ní gíláàsì nínú, tí wọ́n ń fi sáàárín kámẹ́rà àti lẹ́ǹsì. Fláàṣì ńlá ò burú o, bí ẹ bá ti fi nǹkan funfun bo ojú rẹ̀. Bí ẹ bá dín agbára rẹ̀ kù, ìtànṣán rẹ̀ kì í tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kan, kòkòrò ò ráyè mira láàárín ìyẹn.

Wàhálà kejì ni pé ibi tó ń hàn kedere nínú fọ́tò ìsúnmọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an. Bí kámẹ́rà ńlá bá ya kòkòrò ní ìwọ̀n tó ṣe déédéé ara rẹ̀, pẹ̀lú ojú lẹ́ǹsì ní f/8, ibi tó máa mọ́ kedere ò tó mìlímítà kan. Bí imú kòkòrò bá mọ́, ọrùn rẹ̀ ti ṣú nìyẹn. Levon Biss, ayafọ́tò ará Britain, borí èyí pẹ̀lú sùúrù tí èmi ò ní. Fún iṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n pè ní Microsculpture, tí wọ́n ṣàfihàn ní Oxford ní 2016, fọ́tò tó lé ní 8,000 ló ń lẹ̀ pọ̀ kó tó di àwòrán kòkòrò kan, ó sì ń to iná tuntun fún ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan. Òkú kòkòrò láti mùsíọ́ọ̀mù nìyẹn ṣá. Tiwa ń rìn. Ẹ ya fọ́tò méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: kí fóònù dojú kọ iwájú orí gbọọrọ, kí ẹ tún ya ìdí rẹ̀ láti òkè. Ẹ fi rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ bíi document, torí tí ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán, ó máa fún un pọ̀, á sì jẹ àwọn àmì wẹ́wẹ́ yẹn.

PlantVillage ti Penn State ní áàpù kan tí wọ́n ń pè ní Nuru, tí FAO bá wọn gbé jáde ní 2018. Ẹ na fóònù sí ewé àgbàdo tí nǹkan ti jẹ, á sọ fún yín bóyá iṣẹ́ ọwọ́ fall armyworm ni, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Ìmọ́lẹ̀ ni Nuru túmọ̀ sí ní èdè Swahili. Ó dùn mọ́ mi nígbà tí mo mọ̀ ọ́n, torí kò sóhun tí áàpù náà lè ṣe fún fọ́tò tí ìmọ́lẹ̀ bá ti bà jẹ́.

Mo padà sí Olódò ní ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo débẹ̀ kí aago méje tó lù. Àárọ̀ ló dáa jù: atẹ́gùn ò tíì bẹ̀rẹ̀, ewé ò mì, ara kòkòrò ò sì tíì yá nítorí òtútù. Bàbá ti ń dúró dè mí. Wọ́n bá mi di ewé mú, mo da ike bo kòkòrò kan, mo tan tọ́ọ̀ṣì. Fọ́tò kẹrin ló mú un. Mo fà á gbòòrò, mo na fóònù sí wọn.

Wọ́n wò ó pẹ́. "Ọmọ mi, ta ló kọ nǹkan sí i níwájú orí?"

Mo ní Y ni, wọ́n kàn dorí rẹ̀ kodò. Mo fi àwọn àmì mẹ́rin tó wà nídìí rẹ̀ hàn wọ́n. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n kọjá sí poro kejì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ewé wò lọ́kọ̀ọ̀kan.