Bí Wọ́n Bá Pa Ẹnì Kan, Kí A Má Ṣe Pa Ẹnì Kejì

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ kò sì ṣeé fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ẹ̀yin ará Ìkirè àti Àpòmù ni a dojú rẹ̀ kọ, nítorí ìlú yín méjèèjì sún mọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ní ọ̀kan láàárọ̀, wọn a ti gbọ́ ọ ní èkejì kí oòrùn tó kan àtàrí. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ń ná ọjà, tó sì ń kí Jímọ̀ọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ṣe máa ń rí. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n bá òkú ènìyàn lẹ́bàá ọ̀nà oko. Ariwo ta. Ìyàwó ń ké, àwọn ọmọ ń wá ọwọ́ tí wọn yóò dì mú. Kí wọ́n tó wẹ òkú tán, kí Lèmọ́mù tó kírun sí i lára, ẹnì kan ti sọ nínú ọjà pé òun mọ ẹni tó pa á. Kí ni ó fi mọ̀ ọ́n? Ó ní àwọn méjèèjì jà ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá nítorí owó. Ẹnì kejì gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, ó fi iyọ̀ sí i. Ẹnì kẹta fi ata sí i. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, ọ̀rọ̀ ti jinná. Àwọn ọlọ́pàá dé, wọ́n béèrè, gbogbo ènìyàn nawọ́ sí ilé kan ṣoṣo. Bí wọn kò bá sì bá ẹni tí wọ́n ń wá nílé, wọ́n lè mú bàbá rẹ̀, tàbí àbúrò rẹ̀, tàbí ìyàwó tó ń fún ọmọ lọ́mú, kí wọ́n ní bí olúwarẹ̀ bá dé, kí ó wá gba ènìyàn rẹ̀.

Bí ó bá ti rí báyìí, ọkàn ìlú a balẹ̀. A ó ní ọwọ́ ti tẹ ọ̀daràn. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí a mú kò bá mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó kú wà nínú sàréè láìrí ẹ̀tọ́ rẹ̀ gbà. Aláìṣẹ̀ wà ní àhámọ́. Apànìyàn gan-an wà nílé, ó ń jẹ, ó ń mu, bóyá ó tilẹ̀ wà nínú àwọn tó kọ́kọ́ nawọ́ sí ilé onílé. Kò sí ẹni tó ń wá a mọ́, nítorí a rò pé a ti rí i. Ẹ ò rí i pé ẹni tó bá mú aláìṣẹ̀, apànìyàn ló ṣe lóore.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ba ọjà jẹ́. Ta ni kò mọ dòdò Ìkirè? Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n rọ̀ ni wọ́n ń fi ata àti iyọ̀ sí, tí wọ́n ń dín in, tí àwọn tó ń rin ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ sì ń rà á lọ sílé fún ọmọ. Obìnrin tó ń dín dòdò kì í sábà ní owó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ kí ó tó tà. Àwìn ni àgbẹ̀ ń fún un, ojú rẹ̀ ni wọ́n sì ń wò fún un. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá mú ọmọ rẹ̀ pé ó pa ènìyàn, àgbẹ̀ náà kò ní bú u. Yóò kàn sọ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti tán ni. Àwọn tí wọ́n jọ ń dá èésú yóò ní kí ó kọ́kọ́ sinmi ná. Ọmọ rẹ̀ kékeré tó lọ sílé kéwú yóò sunkún wálé. Bí ilé ẹjọ́ bá wá dá ọmọkùnrin náà sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, iná abẹ́ agbada ìyá rẹ̀ ti kú. Ta ni yóò bá a tún un dá?

Ó yẹ kí ará Àpòmù mọ irú ọ̀rọ̀ yìí ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí ó wà nínú ìtàn ìlú wọn. Ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, ọjà Àpòmù jẹ́ ọjà ńlá tí Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Àwọn onítàn sọ fún wa pé ìjà ṣẹlẹ̀ nínú ọjà yìí láàárín ará Ìjẹ̀bú àti ará Òwu lórí iye atare. Ìwọ̀nba atare lásán! Èdè àìyedè ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ lórí àwọn tí wọ́n ń jí gbé tà lẹ́rú, ìyẹn ni iná fi ràn kíákíá. Ẹ̀mí ṣòfò, ẹni tó ṣẹ̀ àti ẹni tí kò ṣẹ̀ di ọ̀kan náà, wọ́n di ẹ̀bi ènìyàn méjì ru gbogbo ìlú. Àpòmù fara gbá. Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú dìde sí Òwu, wọ́n dó tì í fún ọdún mélòó kan títí ìlú ńlá náà fi fọ́, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì tú káàkiri, tí púpọ̀ nínú wọn fi dé Abẹ́òkúta. Bí ẹnì kan bá ti fara pa lónìí, tí ènìyàn sì ń ké pé ìran báyìí tàbí àdúgbò báyìí ló ṣe é, ẹ rántí atare Àpòmù.

Kí ni ẹ̀sìn wa wí? Nígbà ayé Ànábì wa Muhammadu, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, wọ́n bá òkú ọ̀kan nínú àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀, Abdullahi ọmọ Sahl, ní Khaybar, níbi tí àwọn Yahudi ń gbé. Àwọn ẹbí olóògbé wá bá Ànábì, wọ́n ní àwọn ará Khaybar ló pa á. Ànábì bi wọ́n bóyá wọ́n lè búra ní ìgbà 50 lórí ohun tí wọ́n sọ. Wọ́n ní àwọn kò sí níbẹ̀, ojú àwọn kò tó o. Ó ní kí àwọn ará Khaybar búra ní ìgbà 50 láti wẹ ara wọn mọ́ nígbà náà. Àwọn ẹbí ní àwọn kò lè gba ìbúra wọn gbọ́. Kí ni Ànábì wá ṣe? Kò ní kí wọ́n mú ẹnikẹ́ni so. Òun fúnra rẹ̀ ló san ràkúnmí 100 fún àwọn ẹbí gẹ́gẹ́ bí owó ẹ̀jẹ̀. Bukhari àti Muslim gba ìtàn yìí sílẹ̀ nínú ìwé Hàdíìsì wọn.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Kò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ olóògbé ṣòfò, kò sì jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kò sí ẹ̀rí lórí rẹ̀ ṣàn. Àwọn tí kò tilẹ̀ sí nínú ẹ̀sìn rẹ̀ ni ó ṣe báyìí fún. Mélòó-mélòó wá ni aládùúgbò tí a jọ ń tò sí sáfù kan náà, tàbí Kìrìstẹ́nì tí a jọ pín ògiri, tàbí àlejò tó wá daran lẹ́yìn ìlú wa? Nínú Súrà Hujurati, Ọlọ́run pàṣẹ pé bí ẹni tí kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé bá mú ìròyìn wá, kí a wádìí rẹ̀, kí a má baà fi àìmọ̀ ṣe àwọn kan ní ibi, kí a sì kábàámọ̀. Nínú Súrà Nisai, Ó kìlọ̀ fún ẹni tó dá ẹ̀ṣẹ̀ tó sì lọ dì í ru aláìṣẹ̀.

Òfin ilẹ̀ wa kò jìnnà sí èyí. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ní ìpín 36, sọ pé aláìṣẹ̀ ni ẹnikẹ́ni tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn títí ilé ẹjọ́ yóò fi dá a lẹ́bi. Ìpín 35 ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé fún ẹni tí wọ́n mú láàárín wákàtí 24, ní èdè tó gbọ́, ìdí tí wọ́n fi mú un. Ó tún ní ẹni tí wọ́n bá mú lọ́nà àìtọ́ ní ẹ̀tọ́ sí owó ìtanràn àti sí ẹ̀bẹ̀ ní gbangba. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 sì kọ̀ pátápátá pé kí wọ́n mú ẹnì kan dípò ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí èyí: ẹ̀sùn ìpànìyàn kì í ṣe ẹ̀sùn tí wọ́n ń tètè gba béèlì rẹ̀. Ẹni tí ahọ́n yín bá jù sí i, ó lè pẹ́ níbẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé bí a bá ti mú ènìyàn púpọ̀, a ti rí apànìyàn. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá 2001, wọ́n pa Olóyè Bọ́lá Ìgè, ọmọ Ẹ̀sà-Òkè, nínú ilé rẹ̀ ní Ìbàdàn. Mínísítà ètò ìdájọ́ ni lọ́jọ́ náà. Wọ́n mú àwọn ènìyàn, wọ́n ṣe ẹjọ́, ilé ẹjọ́ dá wọn sílẹ̀. Títí di òní, kò sí ẹnikẹ́ni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ikú náà.

Ìkánjú nínú ìdájọ́ pẹ̀lú ní ìtàn tirẹ̀. Nígbà tí Ìkirè àti Àpòmù ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́, ilé ẹjọ́ dájọ́ ikú fún Nasiru Bello nítorí ẹ̀sùn ìdigunjalè. Ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ẹjọ́ náà wà nílẹ̀ láìgbọ́ nígbà tí wọ́n pa á. Àwọn ẹbí rẹ̀ 14 gbé ọ̀rọ̀ náà títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, èyí tó sọ ní 1986 pé ohun tí ìjọba ṣe kò tọ̀nà rárá, tó sì ní kí wọ́n san ₦7,400 fún wọn. Bóyá ó jẹ̀bi, bóyá kò jẹ̀bi, ta ni yóò lè sọ mọ́? Òkú kì í padà wá gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Aláìṣẹ̀ tó wà láàyè ṣì lè padà wálé. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi yẹ kí a sọ̀rọ̀ nígbà tí ó ṣì wà láàyè.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìjọ, a kò ní kí ẹ bo apànìyàn mọ́lẹ̀ o. Ẹni tó bá rí nǹkan, kí ó lọ sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí fún ọlọ́pàá, kí ó sì dúró níbẹ̀. Kí ó má fi ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ kún un. Bí wọ́n bá mú ẹnì kan, kí Lèmọ́mù àti àwọn àgbà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kí wọ́n béèrè ẹ̀sùn rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí kò bá lówó lọ́yà, ìjọba ní àjọ Legal Aid Council tó ń gbèjà tálákà, ẹ̀sùn ìpànìyàn sì wà lára ohun tí wọ́n ń gbà ṣe. Kí ẹ̀yin oníṣòwò máa ra ọjà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Kí ẹ má sì gbàgbé opó olóògbé, nítorí òun ni ariwo náà máa ń gbàgbé jù.

Èyí tó kẹ́yìn ni ó ṣòro jù. Bí ilé ẹjọ́ bá dá aláìṣẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ó yọ́ wọ ìlú lóru bí olè. Ọ̀sán gangan ni a kéde ẹ̀sùn rẹ̀, ọ̀sán gangan ni kí a kéde àìjẹ̀bi rẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀, kí Lèmọ́mù pè é dìde níwájú ìjọ, kí ó sọ pé arákùnrin wa yìí kò ṣe é. Kí ẹni tó kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀ nínú ọjà lọ tọrọ àforíjì nínú ọjà náà. Ẹnu tó ba orúkọ jẹ́ ni kí ó tún un ṣe.

Kí Ọlọ́run Ọba má jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ wà lọ́rùn wa. Kí Ó tú àṣírí àwọn apànìyàn, kí Ó sì tu àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ nínú. Àmín.