Òwò Tí Ń Tún Ìlú Ṣe

Ẹni tí àgbàrá wọ ilé rẹ̀, a bá a kẹ́dùn. Ẹni tí kò wọ ilé tirẹ̀, kí ó dúpẹ́, kí ó sì lọ yẹ gọ́tà iwájú ilé rẹ̀ wò kí òjò mìíràn tó dé.

Ẹ̀yin tí ẹ wá sí ìpàdé tí ó kọjá ti mọ ibi tí a ń lọ. A ti sọ ọ̀rọ̀ ìsọmọlórúkọ méjèèjì tán, a ti yan àwọn tí yóò bá ẹbí lọ sí ìsìnkú nílé, a ti fẹ́ ṣe àdúrà ìparí, nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa obìnrin, tí ó ti jáde ní yunifásítì, dìde. Ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, ó sì ní òun fẹ́ yá owó nínú àpò ẹgbẹ́. Inú wa dùn, a rò pé ṣọ́ọ̀bù aṣọ ni ó fẹ́ ṣí. Ó ní rárá, ike ni òun fẹ́ máa rà: ìgò omi, ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, agolo, páálí. Òun yóò máa gbà á lọ́wọ́ àwọn ìyàwó ilé àti àwọn tí ń tajà nínú ọjà Wuye, òun yóò gbé e sórí òṣùwọ̀n, òun yóò fún wọn ní nǹkan lé e, òun yóò sì tà á fún àwọn ilé iṣẹ́ tí ń lọ̀ ọ́.

Ariwo sọ. Bàbá kan tí gbogbo wa bọ̀wọ̀ fún ní, "Ṣé nítorí kí ọmọ wa lè di baban bola ni a ṣe ta ilẹ̀ rán an lọ sí yunifásítì?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Alága dá ọ̀rọ̀ dúró di ìpàdé tí ń bọ̀, ó sì ní kí àwa tí ń kọ ìwé ìròyìn yìí wádìí bóyá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà níbòmíràn, àti bóyá ẹni tí ń ṣe é ń rí oúnjẹ jẹ.

Ó wà, ó sì pọ̀ ju bí a ti rò lọ. Àwọn tí ń ṣe é kì í ṣe ẹgbẹ́ aláàánú tí ń pín ìrẹsì ní ọjọ́ ọdún, wọn kì í sì í ṣe oníṣòwò tí kò mọ̀ ju èrè lọ. Wọ́n rí ohun tí ń ba ìlú jẹ́, wọ́n sì wá ọ̀nà tí àtúnṣe rẹ̀ yóò fi pa owó, kí iṣẹ́ náà lè bọ́ ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ti orí ìtìjú bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni ó dun bàbá wa jù. Ìtìjú wo ni ó ju ti ìgbẹ́ lọ? Isaac Dúrójayé, tí gbogbo Èkó mọ̀ sí Ọ̀túnbá Gàdáfì, jẹ́ ọkùnrin gìrìpá tí ó ti ṣe iṣẹ́ ààbò lọ́dọ̀ Olóyè M.K.O. Abíọ́lá rí. Níbi ètò ìnáwó ńlá kan ní àwọn ọdún 1990 ni ó ti ṣàkíyèsí pé èrò yóò pọ̀ bí omi, ṣùgbọ́n ibi tí wọn yóò ti ṣe gáá kò sí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí a lè gbé láti ibì kan dé ibòmíràn, ó sì pe ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní DMT. Kò fi mọ sí ibi ìnáwó àwọn olówó nìkan. Ó gbé e dé ibùdókọ̀ àti ọjà, ó fà á lé àwọn opó àti àwọn ọmọ ìta lọ́wọ́, kí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n máa gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá wọlé, kí wọ́n mú ìpín tiwọn, kí wọ́n sì dá ìyókù padà. Òun fúnra rẹ̀ a máa sọ ní gbangba, kì í fi bò, pé òwò ìgbẹ́ kì í ṣe òwò eré rárá. Ẹgbẹ́ Ashoka, tí ń wá irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ kiri àgbáyé, gbà á sí ọ̀kan nínú wọn. Ó kú ní ọdún 2012. Ẹni tí inú bá ti run rí ní ibùdókọ̀ Èkó, tí kò sì rí ibi wọ̀, kò ní fi orúkọ ọkùnrin yìí ṣẹ̀fẹ̀.

Ní ọdún tí ó kú gan-an ni iṣẹ́ tí ó jọ ti ọmọ wa bẹ̀rẹ̀. Bilikiss Adébíyì-Abíọ́lá kàwé ní Amẹ́ríkà, ó ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ IBM, ó sì lọ kọ́ ìmọ̀ òwò ní MIT, ilé ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ wa ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ tí a ń ṣí fìlà. Kí bàbá wa jọ̀wọ́ ka gbólóhùn yìí lẹ́ẹ̀mejì: láti ibẹ̀ ni ó ti padà wá sí Èkó wá kó ike. Wecyclers ni orúkọ tí wọ́n fún iṣẹ́ náà. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ a máa gun kẹ̀kẹ́ tí ó ní àyè ẹrù wọ àdúgbò tí ọkọ̀ kólẹ̀-kódọ̀tí kò lè wọ̀, nítorí ọ̀nà ibẹ̀ há. Wọn a wọn ike àti agolo tí olúkúlùkù ilé ti tọ́jú, wọn a sì kọ àmì rẹ̀ sílẹ̀ fún onílé, wọn a fi í ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Bí àmì náà bá pọ̀ tó, onílé a fi gba ohun èlò ilé tàbí oúnjẹ. Ohun tí àwọn ènìyàn ń dà sí gọ́tà tẹ́lẹ̀, wọ́n wá ń fi pamọ́ bí owó. Nígbà tí ìjọba Èkó ní kí obìnrin yìí wá ṣe olórí àjọ tí ń bójú tó ọgbà ìgbafẹ́ ìpínlẹ̀ náà ní 2017, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin di iṣẹ́ mú. Ní 2019, ẹ̀bùn King Baudouin láti ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́.

Kò tilẹ̀ yẹ kí a lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ní Àbújá níbí, láti 2015, Olúfúntọ́ Boroffice ti dá Chanja Datti sílẹ̀, iṣẹ́ kan náà ni. Orúkọ yẹn dùn mọ́ wa nínú. Èdè Haúsá ni, ó sì túmọ̀ sí kí a yí ìdọ̀tí padà. Ọmọ Yorùbá ni ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé èdè tí aládùúgbò gbọ́ ni a fi ń pe aládùúgbò. Àwa tí a ń bínú pé àwọn ènìyàn kì í dá sí ètò ìmọ́tótó tí a ń ṣe, èdè wo ni a fi kọ ìwé ìkéde wa tí ó kọjá?

Ọ̀rọ̀ tí ó kàn yìí kò ní ẹ̀rín nínú. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa, ìyàwó rẹ̀ bímọ lóru, ẹ̀jẹ̀ kò dá. Wọ́n ní kí ó lọ wá ẹ̀jẹ̀ wá. Ọkùnrin náà ń sáré láti ilé ìwòsàn kan dé èkejì, ó gbé kúlà yìnyín lọ́wọ́, títí ilẹ̀ fi fẹ́ mọ́. Ọlọ́run yọ wá. Nínú ìròyìn ìdílé ni ẹ ti ka orúkọ ọmọ náà, ẹ̀yin kan sì jẹ nínú ìrẹsì rẹ̀ láì mọ ohun tí ojú bàbá rẹ̀ rí.

Irú òru bẹ́ẹ̀ ni Témíè Gíwá-Túbọ̀sún, tí a bí ní Ìlá Ọ̀ràngún, gbógun tì nígbà tí ó dá LifeBank sílẹ̀ ní Èkó ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2016. Òun fúnra rẹ̀ ti rí ìṣòro níbi ìkúnlẹ̀ ní 2014. Ohun tí ó ṣàkíyèsí ni pé kì í ṣe pé ẹ̀jẹ̀ kò sí rárá ní gbogbo ìgbà. Ẹ̀jẹ̀ kì í pẹ́ nílẹ̀: bí a bá tilẹ̀ fi í sínú ẹ̀rọ amúǹkan-tutù, bí ọjọ́ 35 ni ó máa ń lò, lẹ́yìn náà a ó dà á nù. Ibì kan lè máa da ẹ̀jẹ̀ nù, kí aláìsàn máa kú ní ibòmíràn nínú ìlú kan náà nítorí pé ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tí ó wà. LifeBank a máa mọ ibi tí oríṣiríṣi ẹ̀jẹ̀ wà, a máa gba ìpè ilé ìwòsàn tọ̀sán-tòru, alùpùpù rẹ̀ a sì gbé e lọ nínú àpótí tí kò jẹ́ kí ó gbóná. Ilé ìwòsàn ni ń san owó iṣẹ́ náà. Ní 2019, obìnrin yìí ni ó gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje tí Jack Ma, olówó ará Ṣáínà, gbé kalẹ̀ fún àwọn oníṣòwò Áfíríkà, owó rẹ̀ sì jẹ́ 250,000 dọ́là.

Ẹ jẹ́ kí a yà díẹ̀. Ewéko kan wà tí ń bo odò àti ọ̀sà wa, tí ọkọ̀ ojú omi kò fi lè kọjá, tí apẹja kò fi rí ẹja pa. Ní ilẹ̀ Yorùbá, gbéborùn ni àwọn kan ń pè é, nítorí pé ibi gbogbo ni ó ń dé, bí ẹni tí ń gbé ọ̀rọ̀ kiri. Ẹni tí ó sọ ọ́ di owó ní Ìbàdàn ni Achenyo Idachaba, tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ ti Ígálà. Ó ń gbẹ ẹ́, ó ń fi í ṣe okùn, ó ń fi okùn náà hun apẹ̀rẹ̀ àti ohun èlò ilé. Sábó ni ó lọ tí ẹnì kan kọ́ ọ bí a ti ń hun ún. Àlejò ní Ìbàdàn lọ kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ àlejò mìíràn ní Ìbàdàn, wọ́n sì bá onílé tún odò rẹ̀ ṣe. Àwa náà àlejò ni wá lórí ilẹ̀ àwọn Gbagyi níbí.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó, a kò sì ní tan ara wa jẹ. Bàbá wa kò ṣì í pátápátá. Ìdíje àti ẹ̀bùn ilẹ̀ òkèèrè gbé ọ̀pọ̀ nínú àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí dìde, òṣìṣẹ́ kò sì lè máa jẹ ẹ̀bùn lóṣooṣù. Iye tí a ń ra ike a máa lọ sókè, a sì máa já wálẹ̀, bí ti kòkó ayé àtijọ́. Ìgò kan kò sì wúwo: a gbé ìgò omi òfìfo sórí òṣùwọ̀n ìyá ẹlẹ́ja kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 50 kí ó tó pé kílò kan. Nítorí náà, ẹni tí kò ní àyè tí yóò kó o jọ sí kò lè rí èrè, nítorí owó ọkọ̀ ni yóò jẹ ẹ́ tán. A bi ọmọ náà léèrè nípa èyí, ó sì mú ìwé kékeré kan jáde nínú àpò rẹ̀. Ó ti ṣe ìṣirò rẹ̀ ṣáájú wa. Àyè àti òṣùwọ̀n ni ó kọ ṣáájú, kẹ̀kẹ́ ni ó kọ gbẹ̀yìn.

Ní tiwa, a rò pé kí ẹgbẹ́ yá a ní owó náà, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí àwọn méjì dúró fún un, kí ó sì máa dá a padà bí ẹni tí ń dá èsúsú. Èsúsú kì í ṣe ohun àná. Àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú gbé e dé Trinidad, wọ́n sì ń dá a níbẹ̀ di òní, susu ni wọ́n ń pè é. Bí ó bá lè la òkun já pẹ̀lú ẹni tí a dè mọ́lẹ̀, ó lè ti Wuye dé Utako. Bí owó náà bá sì bọ́ sọnù, kí a má ṣe fi sọ̀rọ̀ sí ìyá rẹ̀. Àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n yá owó ìnáwó ọjọ́ orí ní àpò ẹgbẹ́ yìí tí wọn kò tíì san, Akápò mọ̀ wọ́n.

Ẹni tí ó bá ní àyè lẹ́yìn ilé, tàbí òṣùwọ̀n tí ó ti fi sílẹ̀, kí ó jọ̀wọ́ bá akọ̀wé sọ̀rọ̀ kí ìpàdé tó dé. Bàbá tí ó bínú níjọ́sí ti ránṣẹ́ sí wa ní ọ̀sẹ̀ yìí pé òun ní ibi ìgbọ́kọ̀sí kan tí òun kò lò mọ́ láti ìgbà tí òun ti ta ọkọ̀ òun. Ó ní kí a má tíì sọ fún ọmọ náà, kí òun kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ìpàdé yóò wí. A bẹ Bàbá, kí wọ́n má bínú, a ti sọ fún un.