Ọjà, Ọ̀pẹ̀lẹ̀ àti Ìṣirò Yorùbá



Iṣẹ́ tí àwùjọ kan ní láti ṣe ló ń bí irú ìṣirò tí wọ́n ní. Ẹ wo ọjà àtijọ́. Ogójì owó ẹyọ ni okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá ló di ọ̀kẹ́. Ta ni yóò jókòó ka ìyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan? Adolphus Mann, míṣọ́nnárì kan, kọ ọ́ ní 1887 pé márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń kà á. Márùn-ún mẹ́rin di ogún, ogún mẹ́wàá di igba. Ẹni tó ti kó o jọ ní òkìtì-òkìtì, ó yá a láti yọ díẹ̀ kúrò ju kó tún un kà lọ. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni 45 ti di márùndínláàádọ́ta. Wọ́n ní ó le. Kò le fún ìyálọ́jà o!

Ti awo yàtọ̀. Ifá ní láti ní ààyè fún gbogbo ọ̀ràn tí ènìyàn lè gbé wá, nítorí náà àwọn àgbà gbọ́dọ̀ mọ gbogbo ọ̀nà tí ọ̀pẹ̀lẹ̀ lè gbà balẹ̀. Ojú kọ̀ọ̀kan lè ṣí, ó lè dé. Ojú kan, ọ̀nà méjì. Ojú méjì, mẹ́rin. Ojú mẹ́ta, mẹ́jọ. Ojú mẹ́rin, mẹ́rìndínlógún. Apá kan nìyẹn. Apá kejì ní tirẹ̀: 16 lọ́nà 16, ó di 256. Láìsí gègé, láìsí tákàdá.

Owó ẹyọ ti lọ. "Fọ́tì-fáìfù" ni ọmọ-ọmọ mi ń pe márùndínláàádọ́ta. Mi ò bá a jà. Kí ló fẹ́ fi kà? Ṣùgbọ́n láàárọ̀ àná, ó to apá ọ̀pẹ̀lẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún sílẹ̀, kò fo ìkankan.