Ẹ̀yìn Tó Ń Ro, Àwòrán Tí Kò Sọ Tán

Ìròyìn ìwádìí tó ti Ọsirélíà wá ní 2024 ṣì ń ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn: bí ẹ̀yìn bá ń ro ọ́, dìde kí o máa rìn. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ wọ́n ti gé e kúrú jù. Ẹ̀yìn àwọn èèyàn 701 tí wọ́n kó jọ ṣẹ̀ṣẹ̀ san ni. Nínú wọn, àwọn tó ń rìn, tí físíò, ìyẹn oníṣẹ́ ìlera tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara, sì ń tọ́ sọ́nà nígbà mẹ́fà láàárín oṣù mẹ́fà, lo nǹkan bí ọjọ́ 208 kí ìrora tó padà. Àwọn tí ẹnikẹ́ni ò ṣe nǹkan kan fún, bí ọjọ́ 112.

Kí ni físíò ń bá wọn sọ? Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni láti lé ẹ̀rù lọ, àwòrán MRI, ìyẹn àwòrán inú ara tí ẹ̀rọ ń yà, sì lè dá ẹ̀rù náà sílẹ̀. Dísìkì ni ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn kan àti èkejì. Bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè ló ń gbẹ, tó sì ń wú sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ewú ṣe ń bo orí. Ní 2015, àwọn onímọ̀ kan kó ìwádìí 33 pọ̀ lórí àwòrán ẹ̀yìn èèyàn 3,110 tí ẹ̀yìn ò ro rárá. Lára àwọn ẹni 20 ọdún, dísìkì ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún ti ń gbó. Lára àwọn ẹni 80 ọdún, ìdá 96. Ẹni tí wọ́n bá kọ "dísìkì ti gbó" sínú èsì rẹ̀, ó lè jẹ́ ọjọ́ orí rẹ̀ lásán ni wọ́n kà fún un. Èyí tó tiẹ̀ yà mí lẹ́nu jù ni pé dísìkì tó ti yọ jáde, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara sábà máa ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi súnkì, láìsí ọ̀bẹ.

Ìdí nìyẹn tí físíò tó mọṣẹ́ fi ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ṣé ó ń sọ̀ dé ẹsẹ̀? Ṣé o ò lè dá ìtọ̀ dúró mọ́, àbí abẹ́ ti kú? Ẹni tó bá dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" sí èyí tó kẹ́yìn, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Iṣẹ́ físíò ju ara wíwọ́ lọ. Láti 1966 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ni fún digirì rẹ̀.

Fún ẹ̀yìn ríro tó ti di bárakú, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní December 2023 pé ká lo eré ìdárayá àti ìlàlóye, ká sì jáwọ́ nínú bẹ́líìtì ẹ̀yìn, èyí tí wọ́n ń kiri lójú pópó wa.

Ṣé rírìn ló wá ṣe é ní Ọsirélíà, àbí físíò tó ń tọ́ àwọn tó ń rìn náà sọ́nà? Ìwádìí náà ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, torí pé ẹgbẹ́ kejì ò rí físíò kankan. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà, àmọ́ ọkàn mi fà sí ìgboyà tí wọ́n rí gbà. Bí kò bá sí àmì ewu, owó físíò ni n ó kọ́kọ́ san, kí n tó ronú MRI.